Káàdì Kérésìmesì Tí Mo Bá Dufie Ṣe

Afrakoma ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí ẹsẹ̀ rẹ tó ń rìn ní títì Àkírà. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí o sọnù lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí ìlú náà gbé ọ mì. Ọyẹ́ ti dé síbí, kòkó ń gbẹ lórí ẹní, orúnkún mi sì ń ro mí bí ìṣe rẹ̀. Dufie ọmọ rẹ ń jẹun, ó ń sùn, ó sì wà láàyè. Jọ̀ọ́, di èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí mú, nítorí ó lè jẹ́ pé ìròyìn mìíràn ti ṣíwájú lẹ́tà mi dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Láti ìgbà tí o ti mú un wá síbí, kò rí ẹni bá ṣeré. "Àkírà" ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é, wọ́n ní ó ń rún ọ̀rọ̀ lẹ́nu bíi bisikíìtì. Tíṣà wọn wá ní kí kálukú ṣe káàdì Kérésìmesì fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Dufie sáré wá bá mi, ó ní Nana, bàbá àgbà òun, bí tòun bá dára jù, bóyá wọn á jẹ́ kí òun bá wọn kọ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ní Kérésìmesì.

Mo rántí ìgbà tí ìwọ àti Abrafi ìyá rẹ máa ń ṣe é. Bébà dídán inú páálí sìgá lẹ máa ń fi sítáàṣì lẹ̀, Abrafi á máa kọrin, sítáàṣì á kún irun rẹ. Èmi á jókòó lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò wo yín, mo sì ń wò yín.

Mo rí àpẹẹrẹ káàdì tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, igi tí òwú àràbà bò mọ́lẹ̀. Mo sọ fún Dufie pé ìyá rẹ̀ ti gbàgbé oko, àkókò tí àràbà ń tu òwú kò tíì tó. Bébà tó dára jù tí mo mọ̀ láyé ni èyí tí a tẹ̀ ní Kùmásì fún ìsìnkú ìyá rẹ, tó wà lára ògiri wa, tí Abrafi ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń kí i. Òun la wò ṣe é. A lẹ fọ́tò Dufie sáàárín, a fi dúdú àti pupa yí i ká, a kọ orúkọ olórí ẹbí, tìrẹ àti tèmi sísàlẹ̀, pé a dúpẹ́ fún ìgbé ayé Dufie, kí ẹ wá bá wa péjọ ní Sátidé. Mo yọ ikú kúrò nínú rẹ̀, n kò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni Dufie pín àwọn káàdì náà fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣíwọ́ ní ilé ìwé ni igbe sọ. Pokuaa, ìyá ọmọ tó ń jókòó ti Dufie ní kíláàsì, ló kọ́kọ́ já wọlé, ó ti ró aṣọ pupa ọ̀fọ̀, ó káwọ́ lérí, ó ń bi mí pé Agyei, kí lo fún ọmọ ọlọ́mọ jẹ? Dufie yọ láti ilé ìdáná, fùfú kún ẹnu rẹ̀, ó kí i. Pokuaa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní bí òun bá tún bímọ, kí n má ṣe kọ káàdì ìkómọ fún òun o, pósí ni n ó fi ránṣẹ́ tẹ̀lé e.

Gbogbo abúlé ti dé nígbà náà. Olórí ẹbí ti ṣí ọtí ìdárò, ó ní ọtí tí a ti ṣí kò ṣeé dá padà, wọ́n bá mu ún pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn ọmọ yí Dufie ká, wọ́n ń fọwọ́ kàn án bóyá ara rẹ̀ gbóná. Lówùúrọ̀ Sátidé tó kọjá, àwọn fúnra wọn ló wá pè é lọ gé imọ̀ ọ̀pẹ. Wọn kò pè é ní Àkírà mọ́, Ajíǹde ni wọ́n ń pè é, ohùn rẹ̀ ló sì ga jù nínú àtíbàbà náà bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra adìyẹ, nítorí àwọn tó wá dárò ní àwọn ṣì ń bọ̀ wá jẹ oúnjẹ tí káàdì pè wọ́n sí.

Káàdì kan ṣẹ́ kù. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ. Láràárọ̀ mo ń kí àwọn méjèèjì, ọ̀kan sì ń dá mi lóhùn láti ilé ìdáná. Orúkọ rẹ wà nísàlẹ̀ lára àwa tó pe èrò, Afrakoma, ìwọ nìkan ni kò tíì dé. Kí Ọlọ́run rọ ọkàn ọ̀gá rẹ, kó fún ọ láyè, kó sì mú ọ wálé ní àlàáfíà.

Èmi bàbá rẹ,
Agyei