Etí Aṣọ Tí Màmá Jacqueline Ìbíọlá Olúgbódi Kò Ṣẹ́ (1951–2024)

Ní abúlé kan lẹ́bàá Glei ni a bí Màmá wa ní ọdún 1951, sínú ìdílé Fágbénró àgbẹ̀ àti Málọmọ́ aya rẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò ni wọ́n níhà bàbá àti níhà ìyá. Ilé tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà ni wọ́n dàgbà sí kí àwọn sista Àgùdà tó mú wọn wá sí Atakpamé, níbi tí wọ́n ti kàwé díẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Faransé wọn kò já gaara títí dọ́jọ́ ikú, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bá wọn du ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Ní 1973, wọ́n bá Bàbá Étienne Olúgbódi, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ra ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ fún wọn. Títí Bàbá fi papòdà ní 2009, àwàdà wọn ni pé ẹ̀rọ yẹn gan-an ni Màmá fẹ́.

Ilé ni Màmá ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn aránṣọ ìlú a máa kó ègé aṣọ tó ṣẹ́kù wá fún wọn, wọn a sì fi rán aṣọ ọmọ tuntun, apá kan pupa, apá kejì aláwọ̀ ewé. Wọn kì í tà á. Ilé tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Ohun tó ń já wa láyà ni pé aṣọ náà máa ń ṣáájú oyún. Obìnrin tó bá gbà á kò ní pẹ́ rárá kí ó tó máa bì. Màmá á ní bí ègé bá ti wọlé, àwọn a mọ ẹni tó ni ín. Fadá béèrè lẹ́ẹ̀kan, kò tún béèrè mọ́.

Òfin kan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Ìyá Málọmọ́: etí aṣọ ọmọ tí a kò tíì bí, a kì í ṣẹ́ ẹ, a kì í ká a rán. Ìyá ọmọ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ ẹ, lẹ́yìn tí wọ́n bá wẹ ọmọ tán. Ní 1998, Céline, aya Laurent àkọ́bí wọn, fi ayọ̀ ṣẹ́ tirẹ̀ kí ó tó kúnlẹ̀ ìrọbí. Ọmọ náà kò mí. A kò dá a lẹ́bi, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́ síbí. Màmá bá a sunkún, wọ́n sì rán òmíràn. Yannick, ọmọ tí Céline bí lẹ́yìn náà, ló wọ̀ ọ́.

Vanessa, àbíkẹ́yìn wọn, ti wà nílé ọkọ ní Notsé fún ọdún mẹ́sàn-án láìrí ọmọ. Gbogbo ìgbà ló ń bẹ Màmá kí wọ́n rán aṣọ fún òun, èsì kan náà ló sì ń gbà: ègé rẹ̀ kò tíì wá. Ó dùn ún gan-an, débi pé wọ́n ti bínú síra wọn rí. Ní Sátidé kan lóṣù kẹwàá tó kọjá, Màmá ránṣẹ́ pè é pé kó wá gba nǹkan rẹ̀. Ó rò pé iṣu ni. Nígbà tó dé, Màmá jókòó nídìí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ wọn ṣì wà lórí ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti lọ. Aṣọ kékeré kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, funfun tó ní ẹyẹ aláwọ̀ aró. Wọn kò ṣẹ́ etí rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, Laurent ra aṣọ tí a ó tẹ́ sínú pósí. Ìṣojú wa ni oníṣòwò ti já okùn ìdì aṣọ tuntun kan. Aṣọ funfun ni, ẹyẹ aláwọ̀ aró ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí a tú u délẹ̀ nílé, igun kan kò sí níbẹ̀, wọ́n ti gé e lọ, ó tó aṣọ ọmọ ọwọ́. Ẹ̀rù bà wá, a ò purọ́. Orí aṣọ yẹn ni Màmá sùn sí lónìí.

Àwọn ọmọ tó gbẹ̀yìn wọn ni Laurent, Tóyìn àti Vanessa. Ọmọ-ọmọ méje ni a kọ́kọ́ kọ sí ìwé yìí. Vanessa ní kí a kọ mẹ́jọ. A wo ojú ara wa, a sì kọ mẹ́jọ.

Ẹ̀yin ẹbí àti ará tí ẹ ó bá wa délé lẹ́yìn ìsìnkú, aṣọ kékeré náà ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Màmá, kí ilẹ̀ rọ̀ yín lára, kí Olúwa gbà yín sílé. Ẹ sùn re. A ò ní ṣẹ́ ẹ.