Oyún Tí Mo Sẹ́ Níwájú Oníkẹ́mísì

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìdí òfì, ẹ kú àárò ọmọ. Àǹtí Rúkáyá tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, mo kí yín o. Ẹ kà á sókè, kí àwọn ìyàwó ilé náà gbọ́.

Màámi, mo ti lóyún! Ó pé oṣù mẹ́ta, Wàsíù ọkọ mi nìkan ni mo sì sọ fún. Ẹ̀yin lẹ kúkú kọ́ mi, kí n tó kúrò ní Ìséyìn wá sí Abẹ́òkúta, pé kí n má ṣe pariwo oyún títí yóò fi fi ara rẹ̀ hàn. Inú mi ń dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo pa á mọ́ kọjá ibi tó yẹ, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ìdí aró ìyá ọkọ mi ní Ìtòkú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Sódà tí a ń pò mọ́ aró ta sí mi lọ́wọ́, ni nǹkan pupa wínníwínní bá sú títí dé ìgúnpá, ó ń yún mi bíi pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ ọmọ Ìséyìn mọ òwú ni, kò mọ aró. Wọ́n mú mi lọ sí kẹ́mísì kan ní Ṣàpọ́n. Ọkùnrin ibẹ̀ bi mí bóyá mo lóyún. Mo wo àwọn tó dúró, mo ní rárá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyàwó tuntun bíi tèmi yìí kẹ̀? Mo tún ní rárá, ló bá fún mi ní oògùn oníhóró kan.

Mo ti lo oògùn náà méjì kí n tó ka ìwé inú páálí rẹ̀: kí aboyún má lò ó. Mo sáré gba ilé ìwòsàn lọ.

Nọ́ọ̀sì bá mi wí gidi. Ó ní ṣé òun àti oníkẹ́mísì náà wà lára ayé tí mo ń sá fún ni? Ó ní kí n pa oògùn yẹn tì, kí n jìnnà sí sódà, kí n gé èékánná, kí n máa ki aṣọ mímọ́ bọ omi tútù, kí n fi lé ọwọ́, kí n sì fi ìpara kálámáìnì pa á. Ìborùn òwú funfun tí ẹ fi sìn mí wá sílé ọkọ ni mo gé tí mo ń kì bọ omi náà. Ó ń tù mí lára, Màámi, àmọ́ kò dé ọkàn mi. Nọ́ọ̀sì ní oògùn méjì lè má ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun ò ní búra. Ọjọ́bọ̀ ni dókítà yóò fi ẹ̀rọ wo ọmọ náà.

Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún ìyá ọkọ mi, wọ́n jókòó sílẹ̀ gbà-á. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ látìgbà tí mo ti ń sá fún òórùn aró, àwọn kàn ń bá mi pa á mọ́ ni. Àwa méjèèjì la mọ̀, àwa méjèèjì la dákẹ́ níwájú oníkẹ́mísì.

Nítorí náà, ẹ má pa á mọ́ mọ́. Ẹ sọ fún gbogbo ilé, kí wọ́n ṣe àdúà. Ọlọ́hun á dá yín sí, ẹ ó gbé ọmọ yìí jó. Mi ò lè dá wọlé tọ dókítà lọ. Èmi Sìdíkátù, ọmọ yín, ni mo ń bẹ̀ yín: Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni kí gbogbo yín dé, kí oòrùn tó wọ̀.