Irọ́ Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Ẹ̀yìn Mónítọ̀

Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Adébùnmí,
Ladi-Lak, Bàrígà,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2001.

Alága,
Ẹgbẹ́ Àwọn Ọlọ́jà Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀,
Palmgrove, Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ MÓNÍTỌ̀ TÍ Ọ̀GBẸ́NI ỌLỌ́RUNṢÒGO, ỌMỌ ẸGBẸ́ YÍN, TÀ FÚN ÌYÁ MI

Ìyá mi, Ìyáàfin Rùkáyátù Adéníjì, ń fi kọ̀ǹpútà tẹ iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akọka nínú pálọ̀ wa. Onílé wa kò gba jẹnẹrétọ̀ láyè, nítorí náà ìgbà tí iná bá wà nìkan ni wọ́n ń ríṣẹ́ ṣe. Ẹ̀yin náà ń gbé Èkó.

Èmi ni mo dábàá pé kí a máa lo bátìrì mọ́tò bàbá mi, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé. Ẹ̀rọ náà kò lè gbé ju wáàtì 150 lọ. Mo ka gbogbo ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà tó wà ní Akọka, bóyá ló ku ẹyọ kan. Mo kọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, mo mú èyí tó rọra ń lọ tí kì í jẹ iná. Àpótí kọ̀ǹpútà wá ń jẹ 70 péré. Ó ku mónítọ̀, tí kò gbọdọ̀ kọjá 80.

Ní Sátidé, ọjọ́ kẹta oṣù yìí, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo fi lébẹ́lì ẹ̀yìn mónítọ̀ kan hàn wá: wáàtì 65. Ó tan án, àwòrán mọ́ gaara. A fi mónítọ̀ wa àtijọ́ ṣe pàṣípààrọ̀, a sì fi owó lé e.

Nílé, ẹ̀rọ bátìrì súfèé lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ kú. A tan án nígbà ẹgbẹ̀rún. Bákan náà ni. Mo fi èékánná họ lébẹ́lì náà. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn tó ṣe é lẹ̀ mọ́ ọn: 130. Ìríra rẹ̀ kò jẹ́ kí n lè jẹun, èmi tí n kì í fi oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

A gbé e padà. Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo kò tilẹ̀ dìde lórí àga. Ó ní, "Mọ́mì, ọmọ yín ló fẹnu ara ẹ̀ yàn án, mo sì tẹ́sítì ẹ̀ lójú yín. Òfin ẹgbẹ́ wa ni: ọjà tá a bá ti tẹ́sítì kì í padà."

Ẹ̀yin Ọ̀gá, jẹnẹrétọ̀ tó fi tẹ́sítì rẹ̀ lè gbé gbogbo Ṣómólú, kó sì tún bá Bàrígà lọ aṣọ. Mónítọ̀ wo ni kò ní tàn níbẹ̀? Òfin yín yìí kò dáàbò bo oníbàárà, ẹnu rẹ̀ ló ń dí.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí iná ti lọ. Wúràolúwa, akẹ́kọ̀ọ́ kan, gbọ́dọ̀ kó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ fún olùkọ́ ní Jímọ̀ yìí, inú kọ̀ǹpútà tí kò tàn ló sì wà. Ìyá mi kò bá mi wí. Wọ́n kàn fa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ wọn, èyí tí kì í lo iná, jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n nù ún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní.

Mo bẹ̀ yín, ẹ pàṣẹ kí ó fún wa ní mónítọ̀ tí kò kọjá 80 ní tòótọ́. Bátìrì wa ni kí a fi tẹ́sítì rẹ̀. Èmi fúnra mi yóò rù ú wá sí Palmgrove. Lébẹ́lì tí mo họ kúrò wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ fọwọ́ kàn án. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, tí ń retí yín kó tó di Jímọ̀,

Látífàt Adéníjì,
Akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó yan mónítọ̀ náà.