Ẹ̀rọ Agébébà Tí Kò Mọ Àmì Abẹ́

Bẹyẹrunkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, 1994.

Yéwándé ọmọ mi, ìyá mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Bí ìwé yìí ṣe tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ohun rere tí o ń wá yóò máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní orúkọ Jésù. Ara mi le, àfi ọwọ́ ọ̀tún yìí tó ṣì wà bí o ṣe bá a nígbà Àjíǹde. Gbogbo ilé ní kí n kí ọ. Àgbò tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn kànga já lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jẹ kọ́là ẹ̀wù kan tí wọ́n sá, a dúpẹ́ pé kò jẹ ju kọ́là lọ.

Mo ti gbọ́ ohun tí o sọ pé ìparí oṣù yìí ni ọkọ̀ yóò wá kó èmi àti ẹrù mi wá sí Èkó, pé ọwọ́ tí kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́, kí ó wá sinmi lọ́dọ̀ ọmọ. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Owó tí o ní kí n fi ra àpótí, kí n fi palẹ̀ mọ́, náà dé ọwọ́ mi. Yéwándé, n kò fi ra àpótí. Má tíì bínú, jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

O mọ̀ pé iṣẹ́ bébà yìí ni mo fi tọ́ ọ, òdòdó orí pósí, káàdì ọdún, lẹ́tà ńláńlá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri nígbà ìkórè. Láti ìgbà òjò ni ìka mi kò ti gbọ́ tèmi mọ́. Mo gé lẹ́tà S kan fún ìjọ kan ní Kudeti, ó dà bí ekòló tí wọ́n da iyọ̀ lé. Ọkùnrin tó wá gbà á san owó rẹ̀ pé, ó tún dúpẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gbé e lọ, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ kí àwọn ènìyàn má bàa rí i. Ìyẹn dùn mí ju pé kó má sanwó lọ.

Gàníyù tó ń tún rédíò ṣe ní Ọjà'ba ló wá sọ fún mi pé òun rí ẹ̀rọ kan ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀ tó ń fi iná mànàmáná gé bébà, tí ẹnikẹ́ni kò dì í mú. Mo pe Kúlúsúmù, ìyá Fàsásì, aládùúgbò wa, pé kó sìn mí lọ. Olúdayọ̀ lorúkọ ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, ó so táì, ó sì mọ èèyàn kí. Ẹ̀rọ náà dà bí ẹ̀rọ ìránṣọ tó dùbúlẹ̀, ó ní bọ́tìnnì alábídí bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó sì ní fèrèsé kékeré kan níwájú tí ọ̀rọ̀ ń yọ nínú rẹ̀. Ọmọ náà tẹ orúkọ ara rẹ̀, ẹ̀rọ fa bébà wọlé, ó tì í jáde, ó tún fà á wọlé, bí ẹni tó ń gbàgbé nǹkan sílé lójú ọ̀nà, nígbà tó yá ó dákẹ́, ọmọ náà sì ṣí orúkọ rẹ̀ kúrò lára bébà bí ẹni bó ọsàn. Kúlúsúmù béèrè ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ó ní kò sí ẹnì kankan, pé abẹ kékeré kan ni. Mo ní ta ló kọ́ abẹ ní ìwé. Ó ní kọ̀ǹpútà ni. Kúlúsúmù ní ẹn-ẹ́n-ẹn, òun náà ti rò bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe fi owó àpótí rẹ rà á nìyẹn. Ọmọ náà fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ kún un, kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà lókè òkun, pé bó bá bàjẹ́ láàárín ọdún kan, ọ̀ràn wọn ni. Wọ́n béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì. Mo rí i pé wọ́n fẹ́ mọ ilé ni kí wọ́n lè wá bẹ̀ ẹ́ wò, mo sì mọ̀ pé àlejò kì í mọ ọ̀nà àdúgbò yìí, nítorí náà mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù pé tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó, kí wọ́n má gba ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, kí wọ́n béèrè ilé ìyá oníbébà. Wọ́n béèrè iye ènìyàn tó wà nínú ilé. Mo kọ orúkọ gbogbo agboolé, ó kún ojú ìwé méjì, mo fi fọ́tò mi mọ́ ọn, èyí tí mo wọ sùtánà, kí wọ́n má bàa gbé irinṣẹ́ wọn lọ sí ilé ẹlòmíràn.

Ẹ̀rọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé o. Láàárọ̀ tí mo bá tan iná rẹ̀, HELLO ló máa ń kọ sójú fèrèsé kí n tó sọ nǹkan kan, èmi náà á sì dá a lóhùn pé o jíire bí. Bí NÉPÀ bá mú iná lọ, kì í dágbére, ṣùgbọ́n n kò kà á sí i lọ́rùn. Lọ́jọ́ kan ó kọ ERROR. Mo pe Gàníyù, ó ní ó ń sọ pé àṣìṣe wà ni. Mo ní àṣìṣe ta ni, ó ní tèmi ni, pé mo fi bébà sí i ní wíwọ́. Mo ní kó bá mi bẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ ńlá tó kọ́kọ́ dé ni ti Alàgbà Joseph ní Oníyanrìn, ọmọ rẹ̀ Adéyẹ́misí ń ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé. Ó fẹ́ kí n fi bébà aláwọ̀ wúrà kọ ọ́ sára aṣọ funfun tí yóò wà lẹ́yìn àga wọn pé ADÉYẸ́MISÍ ÀTI KẸ́HÌNDÉ, ỌKỌ ÀTI AYA, ỌLỌ́RUN YÓÒ BÙKÚN ILÉ WỌN. Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ gé e, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gùn tó ọwọ́, ó dán, ó tọ́, mo lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ aṣọ ní Ọjọ́bọ̀, inú mi dùn.

Ní Jímọ̀, bí Kúlúsúmù ṣe ti mọ́ṣáláṣí dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kà á. Ojú rẹ̀ ríran jìnnà, ohun tó wà nítòsí ni kì í rí. Ó ní ìyá Yéwándé, oko àti aya kẹ̀, ṣé àgbẹ̀ ni ọkọ ìyàwó náà ni. Mo wò ó. Àmì orí, gbogbo ènìyàn ló ń fi í sílẹ̀, kò sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n àmì abẹ́ kò sí lára ọ̀kankan. OKO ló wà níbẹ̀ gàdàgbà, èyí tí ènìyàn sì lè kà á sí yàtọ̀ sí oko àgbẹ̀, n kò lè kọ ọ́ sínú ìwé tí ọkọ rẹ lè bá ọ kà.

Mo wá gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà, kò sí àmì abẹ́. Mo tẹ àmì ìdánudúró, ó gé e, kò tóbi ju ẹyin iná orí lọ. Bí mo ṣe ń wò ó, NÉPÀ mú iná lọ. Mo gbé àlùmọ́gàjí. Àkọ́kọ́ dà bí kóró kajú, èkejì ya, ẹ̀kẹta n kò lè gé e parí. Mo jókòó sílẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún Kúlúsúmù pé òótọ́ ni Yéwándé sọ, pé kí n máa lọ sí Èkó.

Ó dìde, ó lọ sí ilé rẹ̀, ó sì gbé àpótí irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀ dé. O rántí pé aránbàtà ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Láti ìgbà tó ti kú ni kò ti ṣí àpótí náà. Ó yọ irin kan tí ẹnu rẹ̀ yípo bí owó kọ́bọ̀, èyí tí ọkọ rẹ̀ fi máa ń lu ihò sí awọ. Ó ní kí n ká bébà náà lọ́nà mẹ́rin, kí n gbé e lé igi. Òun gbé irin náà lé e lórí, ó dì í mú, èmi di òòlù mú pẹ̀lú gbogbo àtẹ́lẹwọ́, torí ìka ló ń dùn mí, apá mi kò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí n má fòyà, kí n lù ú. Mo lù ú. Àmì mẹ́rin bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n rí róbótó. Mo tún lù ú. Nígbà tí a gbé wọn sí ìdí lẹ́tà wọn, ọkọ di ọkọ, Ọlọ́run di Ọlọ́run. Kúlúsúmù di ọwọ́ irin náà mú pẹ́ lẹ́yìn tí a ti ṣe tán.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé, Eunice lorúkọ rẹ̀, wá fi ìka kan àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó béèrè ẹni tó ṣe é, ó sì ní kí n gé alábídí Yorùbá fún gbogbo kíláàsì òun, kí àmì abẹ́ jẹ́ pupa, torí òun làwọn ọmọ ń gbàgbé jù. A ti ń ṣe é. Kúlúsúmù máa ń dé lẹ́yìn ìrun Àsàrì, a ó lù ú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, á sì máa sọ ìtàn ọkọ rẹ̀ fún mi, èyí tí kò sọ láti ọdún méjì.

Nítorí náà má rán ọkọ̀ wá. Ọwọ́ mi kò sàn, n kò ní parọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n bí mo bá kó lọ sí Èkó, ta ni yóò máa bá Kúlúsúmù lu irin? N ó wá lo ọjọ́ mẹ́wàá ní Kérésìmesì. Bí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bébà pupa àti abẹ ẹ̀rọ, kí o sì fi ti ìpara ọwọ́ mi kún un.

Ìwọ tí o ń ro tèmi, ọmọ rẹ yóò ro tìrẹ. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò gbà ọ́, ẹnu rẹ kò ní gbẹ, ilé rẹ kò ní ṣófo. Yàrá tí o kùn dè mí, jẹ́ kí àwọn ọmọ máa sùn níbẹ̀, kí o sì máa sọ fún wọn pé yàrá màmá àgbà ni.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rachel Adégòkè.