Awò Ojú Tí Ẹ Kó Ránṣẹ́ Sílé

Àba Ọdúntán,
Lọ́nà Òṣú, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.
Ọjọ́ Ìsinmi, ìgbà ìkórè kòkó, 1956.

Ọlọ́rundáre ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ rélùwéè kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù? Èmi ìyá rẹ, Julianah, ni mo ń kí ọ láti ilé. Mo kí ọ kú afẹ́fẹ́ ọ̀sà, mo kí ọ kú ariwo ìlú, mo kí ọ kú ilé onílé. Ọlọ́run tó mú ọ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo, lọ́jọ́ tí mo dúró tí mò ń juwọ́ títí èéfín rẹ̀ fi parẹ́, òun náà ni yóò mú ọ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lójú mi. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ lójú irin. Orúkọ rẹ kò ní sọnù nínú ìwé àwọn òyìnbó. Àmín.

Gbogbo wa wà láàyè níbí. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, kòkó ń dúdú lórí igi, ṣùgbọ́n èyí tó kù tó wa í dúpẹ́ lé lórí. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ ti di ìyá àgbà, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló jẹ ìwé orin mi létí. Yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, mo máa ń gbá a ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, mo sì máa ń ṣí fèrèsé rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbàgbé ibẹ̀.

Àpótí tí ìwọ àti Ẹgbẹ́ Aláàánú ìjọ yín kó jọ fún wa ti dé. Orin ni a fi gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a ṣí i tí a rí awò ojú tó kún inú rẹ̀ bámúbámú, oníwúrà, onírin, dúdú àti pupa, ẹnu yà wá. O ní nínú lẹ́tà rẹ pé awò tí àwọn òyìnbó àti àwọn akọ̀wé ti fi sójú rí ni, pé wọ́n bọ́ ọ fún wa nítorí ìfẹ́. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́kún. Kí ènìyàn bọ́ ohun tó fi ń ríran fún ẹni tí kò mọ̀ rí! Mo ní kí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, a sì gbàdúrà fún àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn tí wọ́n ti di afọ́jú nítorí tiwa, kí Ọlọ́run rán ẹni tí yóò máa fà wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n má baà rìn sínú ọ̀sà.

Lọ́jà wa, Baba Fákúnlé, ló pín in, gẹ́gẹ́ bí olórí abúlé. O mọ̀ wọ́n, wọn kì í rẹ́ni jẹ. Wọ́n ní ohun iyì, ipò ni a fi ń pín in. Èyí tí jígí rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò, àwọn fúnra wọn mú un, wọ́n ní ẹni tó jẹ́ olórí ìlú gbọ́dọ̀ ríran ju ará ìlú lọ. Àwọn ìjòyè mú èyí tó tẹ̀ lé e. Oníwúrà, wọ́n ní ti ìyá ẹni tó kó o ránṣẹ́ ni, kí n má jiyàn, n kò sì jiyàn. Cecilia aránṣọ kò lóyè, ẹ̀yìn pátápátá ni ó tó kàn án, èyí tí apá rẹ̀ kan ti kán ló sì bá a. Wọ́n fún Ògúnjìnmí tó ń kọ ẹyìn ní ọ̀kan pẹ̀lú. Ó ní ojú kò dun òun, pé láti ìdí ọ̀pẹ ni òun ti ń rí ẹyìn tó pọ́n. Lọ́jà ní kó má kọ oore, pé ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ń tàbùkù àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó. Ló bá gbà á.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìrìn abúlé wa ti yí padà. Lọ́jà á jókòó níwájú ilé, wọ́n á máa dá ewúrẹ́ lóhùn, wọ́n rò pé àwọn ìjòyè ló ń kí wọn. Àwọn àgbà ń gbẹ́sẹ̀ ga lórí ilẹ̀ títẹ́jú bí àkùkọ tó ń rìn nínú ìrì. Orí ń fọ́ wa, èébì ń gbé wa, ṣùgbọ́n a ní bóyá àwọn awò náà kò tíì mọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni, wọn yóò mọ̀ ọ́n tó bá pẹ́. Èmi ní tèmi, n kì í bọ́ oníwúrà mi. Mo ń fi í sójú sùn pàápàá, kí n lè rí ọ dáadáa bí o bá wá lójú àlá, nítorí láìpẹ́ yìí, bí o bá wá, ojú rẹ kì í hàn sí mi mọ́, ó ń dà bí ẹni tó dúró sẹ́yìn èéfín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo jókòó síbi tí ọkọ̀ Òṣú ti ń já èrò. Mo máa ń jókòó níbẹ̀ bí mo bá ti ṣa obì tán. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ tòun ti báàgì, gíga rẹ̀ gíga rẹ, ìrìn rẹ̀ ìrìn rẹ. Ilẹ̀ ń fì lójú mi, ṣùgbọ́n mo sáré. Mo dì mọ́ ọn. Mo ki ọ́, mo ki bàbá rẹ tó sùn nínú Olúwa, mo ní Ọlọ́run o ṣeun tí n kò kú kí n tó rí òní. Ọkùnrin náà kò tì mí kúrò. Ó dúró, ó jẹ́ kí n sunkún mi tán, ó wá rọra ní, “Màmá, èmi kọ́.”

Wolé-wolé ni. Wolé-wolé tó ń bọ̀ wá yẹ àmù omi wa wò, tí gbogbo ilé ń sá fún! Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí ló ń jẹ́, ará Ìkìrun ni. Ó mú mi jókòó, ó ní ìyá òun náà ń jókòó sí etí ọ̀nà báyìí, pé àwọn ará ilé ló ń sọ fún òun. Ó bọ́ awò lójú mi, ó fi sójú ara rẹ̀, kíá ló yọ ọ́. Ó ní kì í ṣe ti ojú mi rárá. Ó ní awò kì í dá ríran, bí bàtà ló rí, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní èyí tó bá a mu. Ó tún ní àwọn òyìnbó yẹn kò fọ́jú o, wọ́n ti ra òmíràn. Inú mi dùn sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹkún tí a ti sun nílẹ̀ ńkọ́?

Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ni a ti gbọ́ igbe láti ọ̀nà odò. Ògúnjìnmí fi awò sójú kọjá lórí igi afárá, ó sì gbé ẹsẹ̀ síbi tí igi kò sí. Wọ́n gbé e wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Lọ́jà sáré wá bá a. Ògúnjìnmí wò wọ́n, ó ní, “Baba, mo sọ fún yín pé ojú kò dùn mí.”

Lọ́jà dorí kodò. Nígbà tó yá wọ́n ní kí a kó gbogbo awò náà jọ, kí a gbẹ́ ihò sin ín. Èmi ni mo kúnlẹ̀. Mo ní Baba, ẹ dákun, oore kọ́ ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ Ògúnjìnmí, bí a ṣe pín in ni. Kí a tó sin ín, ẹ jẹ́ kí a bi olúkúlùkù léèrè ohun tí ojú rẹ̀ kò rí mọ́. Wolé-wolé gbè mí lẹ́yìn. Lọ́jà wò wá títí, wọ́n wá bọ́ ti ojú wọn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ sínú agbọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A kò wo oyè mọ́. Ẹni tó ń ránṣọ, abẹ́rẹ́ àti òwú la fún un. Ẹni tó ń ṣa obì, obì tí kòkòrò ti wọ̀. Ẹni tó ń kàwé, ìwé orin, èyí tí ewúrẹ́ jẹ kù. A ní kí kálukú máa gbé awò kọ̀ọ̀kan wò títí yóò fi rí ohun tó ń wá. Ẹni tí ojú kò bá dùn, kó máa lọ oko rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú awò náà kò bá ẹnikẹ́ni mu, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì rí èyí tó bá wa mu. Ti Lọ́jà, wolé-wolé ní nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyinjú wọn, oníṣègùn ojú ló lè tọ́jú rẹ̀. Lọ́jà ní ó dáa, ó kéré tán, àwọn ti mọ̀ báyìí pé ewúrẹ́ ni ewúrẹ́.

Awò kan wà níbẹ̀, onírin ni, kò lẹ́wà. Mo fi sójú, ìwé orin mọ́ kedere, mo rí àmì orí ọ̀rọ̀ pàápàá. Mo gbé e fún Cecilia kó wò ó. Láti ìgbà òjò ni Cecilia kò ti rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń gbé aṣọ wọn lọ sí Òṣú, ọ̀sán ni wọ́n ń dáná àárọ̀ nílé rẹ̀. Ó fi awò náà sójú, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sókè kí gbogbo wa rí i. Kò sì sí òmíràn tó rí bẹ́ẹ̀ nínú àpótí. Gbogbo wọn ní èmi ni kí n mú un, èmi tí mo bí ẹni tó kó o ránṣẹ́. Ọmọ mi, ó pẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo wá ní kí Cecilia máa mú un lọ. Ojú tirẹ̀ ni oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀. Tèmi, kí ni mo fẹ́ fi wò bí kò ṣe ìwọ, ìwọ kò sì sí níbí.

Cecilia kì í ránṣọ lọ́jọ́ Ìsinmi, nítorí náà ló ṣe yá mi ní awò náà lónìí, mo sì ń fọwọ́ ara mi kọ̀wé sí ọ. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo gbé fọ́tò tí o yà nígbà Àjíǹde kalẹ̀, mo wò ó. Ọlọ́rundáre, o ti rù. Ìlà ti là níwájú orí rẹ, bí ó ti là níwájú orí bàbá rẹ lọ́dún tí kòkó kùnà. Láti Àjíǹde ni mo ti ń gbé fọ́tò yìí kiri ilé tí mò ń sọ fún wọn pé Èkó gba ọmọ mi, ó sanra. Àwọn tí ojú wọn dá kò sì sọ nǹkan kan fún mi.

Bá mi kí àwọn ẹgbẹ́ yín, oore wọn kò ní sọnù. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má kó àpótí mìíràn wá. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi wá. Owó tí wọn ìbá fi kó o, kí wọ́n fi bẹ oníṣègùn ojú kan kó wá bá wa jókòó lábẹ́ igi ọsàn, kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Lọ́jà. Ìwọ fúnra rẹ, bí nǹkan bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí Ògúnjìnmí, kò lè gun ọ̀pẹ títí ọdún yóò fi yí. Mo bi ìyàwó rẹ̀ kí n tó kọ èyí o, ó ní epo òyìnbó àti iyọ̀ ni àwọn ń fẹ́, kì í ṣe aṣọ.

Bí o bá sì fẹ́ ṣe oore fún èmi náà, bi mí kí ni mo fẹ́. Má ra nǹkan kan. Bi mí ná.

Cecilia ti dé ẹnu ọ̀nà. Kò fẹ́ sọ pé awò lòun wá gbà, ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Jẹ́ kí n wo fọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó bọ́ ọ. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ lójú irin àti lójú ọ̀nà. Oúnjẹ yóò máa bá ọ lára mu. Ọ̀gá rẹ yóò fún ọ láàyè kí o wálé, o kò sì ní bá ilẹ̀kùn ilé yìí ní títì.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Julianah.