Ìwé Méjì fún Ọlidé Rẹ

Àánú,

Ìwé ìtàn tí mo ṣèlérí fún ọlidé rẹ wà lórí tábìlì. Èyí tí iwin ti ń wa ọkọ̀ akérò nígboro ni kí o kọ́kọ́ kà, yóò pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Fi ti àwọn àkúdàáyà tó ń tajà láàárín ìlú sílẹ̀ títí n ó fi dé.

Mo parí rẹ̀ láàárọ̀ yìí, bí Ìyá Sùwébátù ará Sábó ṣe wọlé nìyẹn. Ó ní, "Mo rí bàbá yín lọ́jà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ lánàá. Mo kí wọn, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí."

Mo ní àfijọ ni, torí ìṣojú wa ni wọ́n ṣe sin Bàbá. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́.

Mo ti lọ sí Ọ̀yọ́. Má sọ fún Màmá. Bí mo bá rí wọn, n kò ní pè wọ́n. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ara wọn le.

Oyèfúnkẹ́