Mo Kun Fèrèsé Kọ̀ǹpútà fún Alákòóso

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Àbígbẹ̀yìn mi ti padà sílé ọkọ rẹ̀. Ó fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan sílẹ̀ fún èmi àti ìyá rẹ̀, ká lè máa rí ọmọ-ọmọ wa lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní ètò inú rẹ̀ kò ní olówó: ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá wù ló lè tú u wò kó sì tún un ṣe. Èmi nìyẹn! Àpótí kọ̀ọ̀kan tó bá ṣí lójú ẹ̀rọ, fèrèsé ni wọ́n ń pè é. Alákòóso — ìyàwó mi — ń ráhùn pé òun kì í tètè rí àmì tí wọ́n fi ń pa á dé, pé gbogbo rẹ̀ funfun. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Èmi tí n kò ka ìwé mẹ́fà tán, tí mo kun ìdajì ilé ìlú yìí! Etí fèrèsé tí kò tó àtàǹpàkò ni yóò wá bá mi fà á?

Ìṣẹ́gun, 4
Tíìmù ni wọ́n ń pè é — aṣọ tí fèrèsé ń wọ̀. Mo wọ dúdú fún un. Ọ̀rọ̀ orí rẹ̀ náà dúdú. Ta ni yóò kà á?

Ọjọ́rú, 5
Mo rí ibi tí wọ́n ti ń po àwọ̀. Oko mi nìyí. Àwọ̀ ìyeyè ni mo fẹ́, òun ló ń tètè hàn sójú àgbà. Kò sí níbẹ̀ — pupa, àwọ̀ ewé, búlúù, ó parí. Mo da pupa mọ́ àwọ̀ ewé, mo ń retí àwọ̀ ẹrẹ̀. Ìyeyè ló jáde! Mo nu ojú, mo tún wò. Ìyeyè. Láti ọjọ́ tí mo ti ń po ọ̀dà, àwọn méjì yìí kò bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo pe Àbígbẹ̀yìn. "Bàbá mi, ìmọ́lẹ̀ lẹ ń pò níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀dà." Ó ń rẹ́rìn-ín. Kò yé mi. N kò sọ fún un pé kò yé mi.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo pe Alákòóso wá wo ìyeyè létí fèrèsé. "Ó dára gan-an, Bàbá wọn. Ó ń tàn yòò." Lẹ́yìn tó lọ ni mo rí i pé n kò tíì tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí àwọ̀ tuntun lè wọlé. Etí fèrèsé ṣì dúdú kirikiri. Ìyeyè wo ló wá rí? Ó ń pọ́n mi lé lásán ni. Mo bínú díẹ̀.

Ẹtì, 7
Ó ti wọlé! Ìyeyè, àmì tí wọ́n fi ń pa á dé sì pupa fòò. Nígbà tọ́wọ́ mi ti wọ̀ ọ́, mo gbé àmì náà kúrò lọ́tùn-ún lọ sósì. Ẹwà ni.

Àbámẹ́ta, 8
Alákòóso da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife mi. Mo ní ṣé ó ń bá mi jà ni.

Àìkú, 9
Ọmọ-ọmọ wa rẹ́rìn-ín dáadáa lójú ẹ̀rọ. Nígbà tá a dágbére, Alákòóso gba máòsì, ó fẹ́ pa fèrèsé dé. Àmì pupa ń tàn lósì bí ata pípọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ gba ọ̀tún lọ, síbi tí kò sí nǹkan kan. Ó tẹ̀. Ó tún tẹ̀. "Kò pa dé o."
Mo bi í pé àwọ̀ wo ló wà létí fèrèsé.
"Ẹ ṣáà ní ìyeyè ni."
Ojú ọmọ-ọmọ ńkọ́?
"Ohùn rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Bàbá wọn, ibi tí nǹkan wà ni mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kúrò mọ́."

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo ti dá àmì náà padà sọ́tùn-ún. Dókítà ojú ní ká máa bọ̀ lọ́sàn-án. Mo fẹ́ bọ́ ìyeyè náà kúrò, Alákòóso ní kí n fi sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ bó ṣe rí fún mi."
Èmi tí mo mọ gbogbo àwọ̀. Mo la ẹnu. N kò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.